ÀWÒRÁN ÒKÈ WÚRÀ NÍ AṢÁLẸ̀ ÍJÍBÍTÌ

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ìwé kan ṣoṣo. Kì í ṣe ìwé ìtàn, kì í sì í ṣe ìwé òfin. Àwòrán ilẹ̀ ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní máàpù. Akọ̀wé kan ní ilẹ̀ Íjíbítì ló yà á ní nǹkan bí ọdún 1150 ṣáájú ìbí Kristi. Ó fi ọ̀nà, òkè, kànga, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta àti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà hàn nínú rẹ̀, láàárín àwọn òkè aṣálẹ̀ tó wà ní agbedeméjì odò Náílì àti Òkun Pupa. Ìwé náà wà títí di òní olónìí ní Mùsíọ́ọ̀mù ti Íjíbítì ní ìlú Turin, ní ilẹ̀ Ítálì.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ yìí. Èkíní ni bí a ṣe ń ka àwòrán òkè. Èkejì ni bí wúrà ṣe dé inú òkè náà àti bí ènìyàn ṣe ń wà á jáde. Ẹ̀kẹta, tó sì ṣe pàtàkì jù, ni ohun tí àwòrán náà kò sọ, èyíinì ni iye tí ó ná àwọn ènìyàn tí wọ́n rin ọ̀nà náà. Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ kà á lẹ́sẹẹsẹ.

1. IBI TÍ ÒKÈ NÁÀ WÀ

Orúkọ Íjíbítì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tí a bá gbọ́ ọ, odò Náílì ló sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn, pẹ̀lú àwọn oko ọkà tó wà ní etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oko wọ̀nyí kò fẹ̀. Bí ènìyàn bá kọ ẹ̀yìn sí odò, tó sì kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn, kò ní rìn jìnnà kó tó wọ aṣálẹ̀. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò kọ́kọ́ bá. Lẹ́yìn náà ni yóò dé àárín àwọn òkè tó tò lọ bẹẹrẹ láti àríwá sí gúúsù. Kò sí igbó lórí àwọn òkè wọ̀nyí. Òjò kì í sábà rọ̀ níbẹ̀ rárá, nítorí náà òkúta wọn wà ní gbangba bí eegun ẹran tí a ti jẹ tán.

Láàárín àwọn òkè náà ni àwọn àfonífojì tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní wadi wà. Wadi ni ipadò tó ti gbẹ, tí omi kì í gbà kọjá àfi bí òjò ńlá bá ṣèèṣì rọ̀. Nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú ju ara òkè lọ, àwọn wadi ni ó di ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Wadi Hammamat. Ó wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti ìlú Qift ní etí odò Náílì lọ sí èbúté Quseir ní etí Òkun Pupa. Ọ̀nà náà gùn ju kìlómítà 150 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí odò kankan tó ń ṣàn láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ láìmọ kànga, ikú ni ó ń wá kiri.

Síbẹ̀, àwọn ará Íjíbítì kò yéé gba ibẹ̀. Ìdí kan ni òkúta kan tí wọ́n ń pè ní bekhen, òkúta dúdú tó dà bí ẹni ní àwọ̀ ewé díẹ̀, tó le, tó sì ń dán bí a bá fá a dáadáa. Òkúta irú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe pẹpẹ òkúta ọba Narmer, tí ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 3100 ṣáájú ìbí Kristi. Ìdí kejì ni wúrà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àkọlé ni àwọn tó kọjá níbẹ̀ fi sílẹ̀ lára àpáta, láti ìgbà àwọn ọba àkọ́kọ́ títí di ìgbà ìjọba Róòmù.

2. BÍ A ṢE Ń KA ÀWÒRÁN ÒKÈ

Ìwé pẹlẹbẹ ni àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ga. Báwo ni a ṣe lè fi ohun tó ga hàn lórí ohun tó tẹ́jú? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ẹni tó ń yàwòrán òkè gbọ́dọ̀ dáhùn.

Lóde òní, ìlà ni àwọn awọnlẹ̀ fi ń dáhùn rẹ̀. Wọ́n á fa ìlà kan tó so gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀ yí òkè ká. Wọ́n á tún fa òmíràn fún ibi tó ga ju ìyẹn lọ, àti òmíràn lókè ìyẹn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ṣóńṣó òkè. Ẹni tó bá rí i pé àwọn ìlà náà sún mọ́ ara wọn gan-an yóò mọ̀ pé òkè ibẹ̀ dúró ṣánṣán, kò ṣeé gùn. Níbi tí ìlà bá ti jìnnà sí ara wọn, ilẹ̀ ibẹ̀ rọra ń ga ni, ẹlẹ́rù lè gbà á. Ẹni tó bá kọ́ èyí lè jókòó sílé rẹ̀ kó mọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò ti rọ òun lójú ọ̀nà tí kò tíì rìn rí.

Akọ̀wé Íjíbítì kò ní irú ìlà yìí. Ọ̀nà tirẹ̀ rọrùn láti lóye. Ó ya àfonífojì bí ọ̀nà tó fẹ̀, tó gba àárín ìwé kọjá. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ àwọn òkè sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì ọ̀nà náà, bí ẹja tí a là láàárín tí a sì tẹ́ sórí ààrò. Ẹni tó bá wo ìwé náà bí ẹni pé ó dúró ní àárín àfonífojì, tó sì wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò rí òkè kọ̀ọ̀kan níbi tó yẹ kó wà.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Nínú àwòrán tiwa, àríwá ni ó máa ń wà lókè ìwé. Nínú tirẹ̀, gúúsù ni ó wà lókè, ìlà-oòrùn sì wà lápá òsì. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Láti gúúsù ni odò Náílì ti ń ṣàn bọ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ará Íjíbítì máa ń kọjú sí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹni náà dúró sí nígbà tó ń kọ ọ́.

Ìwé náà gùn tó ìwọ̀n mítà 2.8, ìbú rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 41. Papírọ́ọ̀sì ni, èyíinì ni ìwé tí wọ́n fi igi koríko etí odò ṣe. Ó ti ya wẹ́wẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi rò ní ìgbà kan pé ó ju ìwé kan lọ. Nǹkan bíi kìlómítà 15 nínú Wadi Hammamat ni ó fi hàn. Ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé lè dúró fún mítà 50 níbì kan, kó sì dúró fún mítà 100 níbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí àwọn nǹkan ṣe tẹ̀ lé ara wọn lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn nínú ìwé, èyí sì ni arìnrìn-àjò nílò jù.

3. ÀWỌ̀ TÍ AKỌ̀WÉ NÁÀ LÒ

Bí ó bá jẹ́ pé òkè àti ọ̀nà nìkan ni akọ̀wé yìí yà, ìwé rẹ̀ ì bá ṣì níyì. Ṣùgbọ́n ó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kun àwọn òkè kan ní dúdú. Ó kun àwọn mìíràn ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí osùn tí a fi omi là. Lára àwọn òkè pupa náà ni ó kọ ọ́ sí pé òkè wúrà ni wọ́n. Ó fi àmì tótòtó oríṣiríṣi àwọ̀ sí ojú àfonífojì, láti fi òkúta wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ hàn. Ó ya igi mélòó kan síbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ya ilé àwọn tó ń wa wúrà, ojúbọ òrìṣà Amun, kànga, àti òkúta ìrántí ọba Seti Kìíní. Níbi tí ọ̀nà ti yà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí ni ó lọ sí òkun.

Kí ni ìdí tí ó fi lo àwọ̀ méjì fún òkè? Ṣé kí ìwé rẹ̀ lè dára lójú ni? Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ òkúta méjì láti Amẹ́ríkà, James Harrell àti V. Max Brown, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀ràn yìí. Wọ́n fi àwòrán náà wé ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn àwọ̀ náà bá òkúta ibẹ̀ mu. Níbi tí akọ̀wé kùn ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, akọ òkúta tó pọ́n díẹ̀ ni ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Níbi tí ó kùn ní dúdú, òkúta dúdú ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mú ìwé náà lọ́wọ́ lónìí, lẹ́yìn ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún, lè tọ̀ ọ́ dé ibi tí òkúta ti yí padà.

Nítorí èyí ni wọ́n fi ń pè é ní àwòrán irú òkúta inú ilẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀. Ní Yúróòpù, àárín àwọn ọdún 1700 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya irú rẹ̀. Ọdún 1815 ni William Smith tó tẹ àwòrán òkúta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ẹ wo bí ọdún tó wà láàárín wọn ti pọ̀ tó!

4. BÍ WÚRÀ ṢE DÉ INÚ ÒKÈ, ÀTI BÍ WỌ́N ṢE Ń WÀ Á JÁDE

Kì í ṣe gbogbo òkúta ni wúrà ń gbé. Ní ìgbà tó ti pẹ́ púpọ̀, akọ òkúta pupa náà sán ní ọ̀pọ̀ ibi. Omi gbígbóná láti inú ilẹ̀ jinjin gba inú àwọn ibi tó sán náà gòkè wá, ó sì gbé wúrà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí omi náà tutù, ohun tó gbé dání dì sínú àwọn ihò náà, ó di òkúta funfun líle tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartz. Òkúta funfun yìí la ara òkè já bí iṣan ṣe la ara ènìyàn já. Nínú rẹ̀ ni wúrà wà, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé ojú lè má rí i.

Ẹni tó bá fẹ́ wúrà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé iṣan funfun náà wọ inú òkè. Ọkùnrin Gíríìkì kan tí ń jẹ́ Agatharchides, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi, kọ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní àwọn ibi ìwakùsà ìjọba tó wà ní ìpẹ̀kun Íjíbítì lápá gúúsù. Kì í ṣe Wadi Hammamat ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ kan náà ni. Ìwé tirẹ̀ ti sọnù. Òǹkọ̀wé mìíràn tí ń jẹ́ Diodorus ni ó pa ohun tó sọ mọ́ fún wa.

Ó ní wọn a máa dáná sí ara òkúta kí ó lè sán. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí agbára wọn pọ̀ yóò fi irin fọ́ ọ nínú ihò, pẹ̀lú fìtílà níwájú orí wọn nítorí òkùnkùn. Àwọn ọmọdékùnrin ni ó ń rá kòrò wọlé láti kó òkúta tí wọ́n fọ́ jáde. Àwọn ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún a gún un nínú odó òkúta títí yóò fi kéré bí hóró ẹ̀wà. Àwọn obìnrin àti àwọn arúgbó a lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi kúnná bí èlùbọ́. Ní ìkẹyìn, wọn a da ìyẹ̀fun òkúta náà sórí pákó tó dagẹ̀rẹ̀, wọn a sì máa da omi lé e. Omi a gbé ìyẹ̀fun tó fúyẹ́ lọ, wúrà tó wúwo a sì kù sílẹ̀.

Àwọn wo ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí? Agatharchides sọ pé àwọn tí wọ́n mú lójú ogun ni, àti àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi, nígbà mìíràn pẹ̀lú gbogbo ará ilé wọn. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọn kì í sinmi ní ọ̀sán, wọn kì í sinmi ní òru. Nígbà tí ẹ̀yin ìyá wa bá tún kúnlẹ̀ ti ọlọ láti lọ ata, ẹ rántí àwọn ìyá tó lọ òkúta di ìyẹ̀fun nítorí adé ọba tí wọn kò ní fojú rí láéláé.

5. ÌRÌN-ÀJÒ ỌDÚN KẸTA ỌBA RAMESSES KẸRIN

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Wadi Hammamat. Nígbà tí ọba Ramesses Kẹrin jọba, ó rán ènìyàn lọ síbẹ̀ láti fọ́ òkúta bekhen wá fún ère. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ọ̀ràn ìrìn-àjò yìí ni ó mú kí wọ́n ya àwòrán tí à ń kà. Ní ọdún kẹta ìjọba rẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú ìrìn-àjò náà gbéra. Ramessesnakht, olórí àlùfáà Amun, ni aṣáájú wọn. A mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n gbẹ́ ẹ sára àpáta níbẹ̀, ó sì wà síbẹ̀ di òní.

Iye wọn lé ní 8,000 ènìyàn. Àwọn ọmọ-ogun wà níbẹ̀, àwọn akọ̀wé wà níbẹ̀, àwọn àlùfáà wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́wàá ni wọ́n kó lọ, màlúù méjìlá ni ó sì ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èrò rẹpẹtẹ yìí, àwọn tó mọ iṣẹ́ òkúta fífọ́ àti gbígbẹ́ kò ju 130 lọ. Ìyókù ni ó ń rù, tó ń fà, tó ń ṣọ́, tó ń kọ, tó sì ń pàṣẹ.

Nígbà náà ni àkọlé náà mẹ́nu ba ohun kan tó yẹ kí ó mú wa dákẹ́ díẹ̀. Ó ní àwọn tó kú, tí a kò kà mọ́ iye yìí, jẹ́ 900. Bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ìyẹn. Kò sọ orúkọ wọn. Kò sọ bóyá òùngbẹ ló pa wọ́n, tàbí oòrùn, tàbí òkúta tó wó lulẹ̀. Orúkọ ọba wà níbẹ̀. Orúkọ olórí àlùfáà wà níbẹ̀. Ti àwọn 900, iye ni a rí, a kò rí orúkọ.

Kí ni wọ́n sì kú fún? Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí àwòrán ilẹ̀ wa yìí gan-an, èyí kan sọ nípa òkúta tí wọ́n gbé dé fún ère ọba. Wọ́n gbé e sílẹ̀ ní ìlú Thebes, àti ní ọdún kẹfà, ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n tíì ṣe lára rẹ̀. Ọba Ramesses Kẹrin kò sì lò ju ọdún mẹ́fà àti díẹ̀ lọ lórí ìtẹ́.

6. TA NI AKỌ̀WÉ NÁÀ?

Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé Amennakhte ọmọ Ipuy ni ó ya àwòrán yìí. Akọ̀wé ni ní abúlé tí à ń pè ní Deir el-Medina lónìí, ní òdìkejì odò sí ìlú Thebes. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń gbẹ́ ibojì àwọn ọba sínú àpáta ni ó ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ Amennakhte ni láti kọ ohun gbogbo sílẹ̀: ẹni tó wá síbi iṣẹ́, ẹni tí kò wá, ohun tí wọ́n kó wọlé, àti ohun tí wọ́n pín.

Ìwé mìíràn tún wà tí wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó kọ ọ́, òun náà sì wà ní Turin. Ní ọdún 29 ìjọba Ramesses Kẹta, bàbá Ramesses Kẹrin, ìyẹn nǹkan bí ọdún 1157 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n dá oúnjẹ àwọn oníṣẹ́ náà dúró. Kò sí owó nígbà náà. Ọkà ni owó oṣù wọn. Nígbà tí ọkà kò dé, àwọn oníṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jáde ní abúlé, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì. Wọ́n sọ pé ebi àti òùngbẹ ni ó lé àwọn dé ibẹ̀, pé kò sí aṣọ, kò sí òróró, kò sí ẹja, kò sí ewébẹ̀. Èyí ni ìdáṣẹ́sílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí a ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin ará. Ọwọ́ kan náà tó kọ ibi tí wúrà wà ni ó kọ ẹkún àwọn tí ebi ń pa. Amennakhte lè fi ọ̀ràn àwọn oníṣẹ́ bo ilẹ̀, kí ó kọ ọ́ pé àlàáfíà ni gbogbo nǹkan wà. Òun fúnra rẹ̀ ń jẹ lábẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kun òkè pupa ní pupa, tó sì kun òkè dúdú ní dúdú.

7. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN NÁÀ

Òkè wúrà tó wà nínú àwòrán náà kò di ahoro lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ ibẹ̀ lónìí ni Bir Umm Fawakhir. Kànga ni bir túmọ̀ sí ní èdè Lárúbáwá, èyí sì fi hàn pé omi ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn lè gbé ibẹ̀. Láti ọdún 1992 ni Carol Meyer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Chicago ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n rí àlàpà ilé tó lé ní 200, tí àwọn awakùsà gbé ní ọ̀rúndún karùn-ún àti ìkẹfà lẹ́yìn ìbí Kristi. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn ni wọ́n rò pé ó gbé inú rẹ̀. Kristẹni ni wọ́n, nítorí wọ́n rí àpáàdì àwo tí a tẹ àmì àgbélébùú sí lára níbẹ̀. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ní ilẹ̀ tí kò ní ewéko. Àwa tí a ń ka ìwé yìí ní ìlú tí kì í ṣe ibi tí a bí wa sí, ọ̀rọ̀ wọn kò ṣòro fún wa láti mọ̀ lára.

Nígbà tó di ọ̀rúndún ogún, àwọn awakùsà tún padà síbẹ̀, wọ́n sì tún wa wúrà fún ọdún mélòó kan. Àwọn náà ti lọ. Ẹni tó bá ti dé agbègbè Jos rí, tó ti rí àwọn kòtò ńlá olómi tí àwọn tó wa tánńganran fi sílẹ̀, mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí a bá kó ohun inú rẹ̀ lọ tán.

Ní ti àwòrán náà, àwọn ìránṣẹ́ Bernardino Drovetti ni ó rí i ní Deir el-Medina. Drovetti jẹ́ aṣojú ilẹ̀ Faransé ní Íjíbítì. Ní ọdún 1824, ọba Sardinia ra ohun tí Drovetti kó jọ, báyìí ni ìwé náà ṣe dé Turin. Wúrà tí wọ́n wà ní òkè náà ní ayé Amennakhte ti fọ́n ká, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi igi koríko ṣe, tí iná kékeré lè jó, ó ṣì wà.

8. Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

(a) Àkọsílẹ̀ òtítọ́ a máa pẹ́ ju ọrọ̀ lọ. Amennakhte kò mọ̀ pé àwọn onímọ̀ òkúta yóò wá yẹ iṣẹ́ òun wò lẹ́yìn ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Ó ṣe é dáadáa nítorí pé ẹ̀mí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fi kànga síbi tí kò sí, òùngbẹ yóò pa ẹni tó gbà á gbọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń kọ ìwé owó, tàbí orúkọ ọmọ, tàbí ìwé ẹgbẹ́, kí ó mọ̀ pé ẹnì kan yóò gbára lé e lọ́jọ́ kan.

(b) Kí a tó sọ pé ohun kan dára, kí a bèèrè ẹni tó san owó rẹ̀. Àwòrán náà fi òkè hàn, ó fi wúrà hàn, ó fi ọ̀nà hàn. Kò fi ibojì hàn. A ní láti lọ ka ara àpáta kí á tó mọ̀ nípa àwọn 900, kí á sì ka ìwé mìíràn kí á tó mọ̀ nípa ebi àwọn oníṣẹ́. Ìwé kan ṣoṣo kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

(d) Ẹni tó ṣáájú gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà han ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò ni ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ó sàn kí á fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ kòtò náà. Àwọn tó ti pẹ́ ní ìlú yìí mọ ibi tí omi wà àti ibi tí ewu wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fi orí ara rẹ̀ wá a rí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí àwọn awọnlẹ̀ òde òní ṣe ń fi gíga òkè hàn àti bí Amennakhte ṣe fi í hàn?
2. Èé ṣe tí gúúsù fi wà lókè ìwé rẹ̀?
3. Kí ni àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ túmọ̀ sí nínú àwòrán náà, báwo ni a sì ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni?
4. Nínú àwọn tó lọ ìrìn-àjò ọdún kẹta, mélòó ni ó mọ iṣẹ́ òkúta? Mélòó ni ó kú? Kí ni èyí kọ́ wa?
5. Bí ìwọ bá jẹ́ Amennakhte nígbà tí àwọn oníṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, kí ni ìwọ ì bá kọ?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí olúkúlùkù mú bébà kan, kí ó ya ọ̀nà láti ilé rẹ̀ dé ibi ìpàdé wa. Kí ó fi ibi tó ga, ibi tó rẹlẹ̀, ibi tí omi wà, àti ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀ nígbà òjò hàn. Kí ó fún ẹni tí kò dé ilé rẹ̀ rí, kí ẹni náà sì gbìyànjú láti fi í mọ ọ̀nà. Nípa èyí ni a ó fi mọ ẹni tó ya òtítọ́.